Ètò ọ̀sẹ̀ 12, àìsàn ọlọ́dún gbọọrọ: kí ni owó ìjọba ń ṣe sí ìsanrajù àgbàlagbà ní England?

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde 100 mílíọ̀nù pọ́ùn láti fi ran àwọn tó sanra jù lọ́wọ́, lọ́mọdé lágbà. Nǹkan bíi 30.5 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n gba òṣìṣẹ́, wọ́n gba gbọ̀ngàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ará àdúgbò. Ọdún kan péré ni. Nígbà tí oṣù kẹrin ọdún 2022 dé, ìjọba kò fi owó mìíràn sí i. Àwọn káńsù tí ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là sí iṣẹ́ náà ní láti tú u ká, tàbí kí wọ́n wá owó rẹ̀ níbòmíràn.

Ẹni tó bá mọ bí ara ènìyàn ṣe ń ṣe nígbà tó bá fọn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́. Ọdún kan kò tó láti fi mọ̀ bóyá irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Kílò tí ènìyàn sọ kalẹ̀ lóṣù kẹta, ọdún kejì àti ìkẹta ló máa sọ bóyá ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lóòótọ́.

Kì í ṣe pé ìjọba ò kọ ìwé. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cambridge ka gbogbo ètò tí ìjọba gbé jáde lórí ìsanrajù ní England láti 1992 títí dé 2020. Ètò ńlá 14 ni, ìpinnu 689 ló sì wà nínú wọn. Wọ́n wá bi ìpinnu kọ̀ọ̀kan léèrè: ta ló máa ṣe ọ́, nígbà wo, èló lo máa ná wa, báwo la ṣe máa mọ̀ pé o ṣẹ? Ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ní ìdáhùn sí gbogbo ohun tí wọ́n béèrè. Èyí tó sọ iye owó tí yóò ná kò pé ìdá 10. Láàárín àkókò yẹn, àgbàlagbà tó sanra jù gbéra láti nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 1993, ó sì di ìdá 29 lọ́dún 2022. Bí a bá ka àwọn tí ìwọ̀n wọn ti kọjá ààlà díẹ̀ mọ́ wọn, ó di ìdá 64.

Ta gan-an ni wọ́n ń pè ní ẹni tó sanra jù? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham, Dagenham tàbí Manchester gan-an. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ mú ìwọ̀n ara yín ní kílò, ẹ fi gíga yín ní mítà pín in, ẹ sì tún fi gíga yẹn kan náà pín ohun tó kù. Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin tó ga ní mítà 1.62, tó sì wọn kílò 74. Bí a bá fi 1.62 pín 74, a rí 45.7, bí a bá tún fi 1.62 pín ìyẹn, a rí 28.2. Òun ni BMI rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n ìwọ̀n ara sí gíga. Lórí òṣùwọ̀n gbogbogbòò, 30 ni ìsanrajù ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà wọ́n lè sọ fún un pé kò tíì tó ẹni tí ètò wà fún. Ṣùgbọ́n NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún NHS (ètò ìlera ìjọba ibẹ̀), ti là á sílẹ̀ pé 27.5 ni kí wọ́n lò fún aláwọ̀ dúdú tó ti Áfíríkà tàbí Karíbíà wá àti fún àwọn ará Éṣíà, nítorí pé ìtọ̀ ṣúgà àti àìsàn ọkàn ń bá àwọn wọ̀nyí nígbà tí ìwọ̀n wọn ṣì kéré sí ti aláwọ̀ funfun. Obìnrin oní-28.2 yìí ti wọlé. Bí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bá fi 30 wọ̀n ọ́n, yóò já a sílẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa padà wá pè é. Ẹ má ṣe dúró kí wọ́n rántí fúnra wọn. Ẹ sọ ọ́ jáde: "27.5 ni wọ́n fi ń wọn tèmi."

NICE tún fi téèpù kún un lọ́dún 2022: kí àyíká ikùn má tó ìdajì gíga ènìyàn. Ẹ fọwọ́ wá ibi tí egungun ìhà ti parí, ẹ wá orí egungun ìbàdí, kí ẹ sì fi téèpù yí agbede-méjì wọn ká. Ẹ mí jáde bó ṣe yẹ, ẹ má fa ikùn wọlé. Fún ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 162, kò gbọdọ̀ tó 81.

Ó yá, ǹjẹ́ àwọn ètò wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́? Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n iṣẹ́ wọn ló yẹ ká mọ̀, àti bó ṣe ń pẹ́ tó.

Ìdánwò kan tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2016 bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn jù. Àwọn 1,882 ni wọ́n lò, gbogbo wọn wá rí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò wọn, nítorí nǹkan mìíràn ni. Fún ìdajì wọn, dókítà kàn sọ pé bí ara wọn bá fúyẹ́, ìlera wọn á dára sí i. Fún ìdajì kejì, ó lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 láti sọ pé ẹgbẹ́ kan wà tó ń ranni lọ́wọ́, pé NHS ló máa sanwó, ó sì rí i pé wọ́n bá aláìsàn náà fi ọjọ́ sí i kó tó kúrò níbẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, 77 gbà, 40 sì lọ lóòótọ́. Nígbà tí ọdún yí po, àwọn tí dókítà kàn gbà nímọ̀ràn fi kílò 1.04 sílẹ̀, àwọn tí wọ́n bá fi ọjọ́ sí i fi 2.43 sílẹ̀. Ẹ̀rù tó máa ń ba dókítà ni pé inú á bí aláìsàn bí òun bá mẹ́nu kan sísanra. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, mẹ́rin péré ló sọ pé kò bójú mu, kò sì ran àwọn lọ́wọ́. Fífi ọjọ́ sí i lójú ẹsẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ yìí. Níbi tí wọ́n bá ti fi ìwé pélébé lé ènìyàn lọ́wọ́ pé kó lọ pe nọ́ńbà yìí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pòórá.

Ìdánwò kejì, tó jáde lọ́dún 2017, ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń pín owó ìjọba lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n pín àwọn 1,267 sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan gba ìmọ̀ràn ráńpẹ́ àti ìwé kékeré. Àwọn kan lọ sí Weight Watchers, ẹgbẹ́ tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti dín ìwọ̀n ara kù, fún ọ̀sẹ̀ 12, àwọn tó kù sì lọ fún ọ̀sẹ̀ 52. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn oníwèé fi kílò 3.26 sílẹ̀, àwọn ọlọ́sẹ̀ 12 fi 4.75, àwọn ọlọ́sẹ̀ 52 fi 6.76. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó di 2.30, 3.00 àti 4.29. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ 12 nínú ìyẹn dáadáa. Lọ́dún kejì, ohun tó fi ju ìwé ọ̀fẹ́ lọ kò pé kílò kan. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 ni gígùn tí ọ̀pọ̀ ètò tí káńsù ń sanwó fún ní, nítorí pé òun ni owó ká.

Kí ló dé tí kílò fi ń padà? Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni, wọ́n á ní ènìyàn náà kò kóra rẹ̀ níjàánu. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ́, ó sì ń dun àwọn tó ń sapá. Ara ènìyàn ka fífọn sí ìyàn ni, ó sì ń bá a jà. Àwọn olùwádìí ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, wọn èyí: fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá kúrò lára, ara ń dín ohun tó ń jó lójúmọ́ kù ní nǹkan bíi kálórì 20 sí 30, ebi sì ń ti ènìyàn láti fi nǹkan bí 100 kún ohun tó ń jẹ. Ẹni tó bá fi kílò márùn-ún sílẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ebi kálórì 500 lójoojúmọ́, ó sì tó gààrì gbígbẹ gíráàmù 140. Ebi náà kò mọ̀ pé ètò ti parí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 12 bá pé, tí ẹgbẹ́ tú ká, tí kò sẹ́ni tó ń gbé ènìyàn sórí òṣùwọ̀n mọ́, ebi yẹn ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́.

Ohun mìíràn tó ń tàn wá jẹ ni bí wọ́n ṣe ń ka èsì. Ẹ mú ètò ìdènà ìtọ̀ ṣúgà tí NHS bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016: ìpàdé 13 ó kéré tán, láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Nínú èsì àkọ́kọ́ tó jáde, àwọn tó ṣe é parí fi kílò 3.3 sílẹ̀. Bí a bá ka gbogbo ẹni tó bẹ̀rẹ̀, títí kan ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan tó sì sá lọ, ó di 2.3. Iye kejì yìí ni owó ìjọba rà, nítorí ìjọba sanwó fún ẹni tó sá lọ náà. Nígbàkígbà tí ẹ bá ka ìròyìn pé ètò kan mú kílò báyìí kúrò, ẹ wò ó bóyá "àwọn tó parí rẹ̀" ni wọ́n ń sọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí 2.3 yẹn dà bí ohun tí kò níye lórí. Ìdánwò ńlá tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2002, lo àwọn 3,234 tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń kanlẹ̀kùn wọn. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kan dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì máa rìn tàbí ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà tó wọlé sí wọn lára fi ìdá 58 dín sí ti àwọn tó mu oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Oògùn metformin fi ìdá 31 dín in. Fún ẹni tó wọn kílò 90, ìdá 7 kò ju kílò 6.3 lọ. Nítorí náà, ètò lè má sọ ènìyàn di pẹ́lẹ́ńgẹ́, kó sì gba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ rẹ̀ là.

Fún àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà ti wọlé sí lára, NHS ní ètò kan tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ 12 gbáko ni ènìyàn á fi máa mu ọbẹ̀ olómi àti ohun mímu tí wọ́n pò fún un, kálórì 800 sí 900 lójúmọ́, kó tó máa padà sí oúnjẹ gidi díẹ̀díẹ̀. Ọdún kan ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Ẹni ọdún 18 sí 65 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àìsàn náà láàárín ọdún mẹ́fà ló wà fún; BMI 27, ṣùgbọ́n 25 fún aláwọ̀ dúdú. Kò sí fún ẹni tó ń gún insulin. Dókítà gbọ́dọ̀ yẹ oògùn ènìyàn wò kí ọjọ́ kìíní tó dé, nítorí pé ẹni tó bá ń mu oògùn ṣúgà bíi gliclazide tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀, nígbà tí oúnjẹ ti di 800 kálórì, lè ṣubú lójijì. Èsì àwọn 1,740 tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ fi hàn pé ìdá 55 ló rìn ín dópin. Nínú àwọn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn pé, ìdá 27 ni ṣúgà wọn ti wálẹ̀ dé ibi tí wọn kò lo oògùn rẹ̀ mọ́. Kí ìtọ̀ ṣúgà fà sẹ́yìn lára ẹni kan nínú mẹ́rin ju ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà pé ó ṣeé ṣe lọ.

Ìgbà tí oúnjẹ gidi bá padà dé ni ìjà gan-an. Ìwé tí wọ́n ń pín sábà máa ń ya búrẹ́dì, pásítà àti ànàmọ́ òyìnbó. Ẹni tó ń darí ìpàdé lè má mọ ẹ̀bà yàtọ̀ sí iyán, kò sì burú bí ẹ bá gbé ìṣirò tiyín lọ bá a. Gààrì ni kí ẹ wọ̀n nígbà tó ṣì gbẹ, torí omi ló ń mú ẹ̀bà wú. Gíráàmù 100 gààrì gbígbẹ ní nǹkan bíi kálórì 350. Òkèlè tí wọ́n fi 200 tẹ̀ ti di 700 kí ọbẹ̀ tó kàn án. Epo pupa ṣíbí ńlá kan ní nǹkan bíi 120. Ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n da mílílítà 250 epo sí ti gba nǹkan bíi kálórì 2,000 láti inú epo nìkan. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá jẹ ẹ́, ó jẹ́ 250 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láìka ẹran. Ẹ fi ṣíbí wọn epo, ẹ má da á láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ bu gààrì 80 dípò 200, kí ẹ sì fi ẹ̀fọ́ kún àwo náà títí yóò fi kún. Ìyẹn nìkan ti yọ 400 ó lé díẹ̀ kúrò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ebi kálórì 500 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Abẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó gbòde báyìí. Láti ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni NHS England ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn GP fún ènìyàn ní tirzepatide, èyí tí orúkọ rẹ̀ lọ́jà ń jẹ́ Mounjaro. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, 2.5 mílígíráàmù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà 5, a sì lè gbé e ga títí dé 15. Ní ìdánwò ọ̀sẹ̀ 72, àwọn tó wà lórí 15 fi nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ tàbí ìpàdé kan tó sún mọ́ èyí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ há. Lọ́dún àkọ́kọ́, àfi ẹni tí BMI rẹ̀ tó 40 (37.5 fún aláwọ̀ dúdú), tó sì ní mẹ́rin nínú àìsàn márùn-ún: ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó ga, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn ọkàn tàbí òpójẹ̀, àti èémí tó ń dá dúró lójú oorun. Wọ́n pinnu láti fún nǹkan bí 220,000 ènìyàn láàárín ọdún mẹ́ta, nígbà tí àwọn tó yẹ fún un ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Àwọn obìnrin tó ń lo oògùn oníhóró fún ìfètòsọ́mọbíbí gbọ́dọ̀ fi kọ́ńdọ̀mù kún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yìí, àti lẹ́yìn ìgbàkígbà tí wọ́n bá gbé e ga, torí ó lè sọ oògùn náà di aláìlágbára.

Abẹ́rẹ́ náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ òfin ara tí a sọ lókè. Nínú ìdánwò mìíràn, wọ́n gún un fún ọ̀sẹ̀ 36, wọ́n wá fi omi lásán rọ́pò rẹ̀ fún àwọn kan láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Láàárín ọdún kan, ìwọ̀n wọn fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè padà. Ìdí nìyẹn tí ọkàn wa kò fi balẹ̀ nígbà tí a bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ dín owó kù kíákíá. Bí ìjọba bá fi ọwọ́ tó fi mú ètò 2021 mú èyí, owó náà á ṣòfò bí ti àkọ́kọ́, ó sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ohun tó wà nílẹ̀, ẹ bá GP tàbí nọ́ọ̀sì sọ ọ́ báyìí: ẹ gbé BMI àti ìwọ̀n ikùn yín lọ ní kíkọ, ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín wò, ẹ béèrè ètò wo ni àdúgbò yín ṣì ń sanwó fún, kí ẹ sì ní kí wọ́n forúkọ yín sílẹ̀ kí ẹ tó dìde. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12 ni, ẹ gba ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 16, 26 àti 52 lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan náà, kó jẹ́ pé ẹnì kan á ṣì gbé yín sórí òṣùwọ̀n.

Ó ku irú ètò kan tí kò béèrè ìpàdé. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde owó orí lórí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2018. Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe sí i lọ́dún 2018: tí ṣúgà kò bá tó gíráàmù 5 nínú mílílítà 100, kò sí owó, láti 5 títí kó tó di 8, pẹ́ńsì 18 lórí lítà, láti 8 sókè, pẹ́ńsì 24. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní ọdún méjì láti ronú. Ọ̀pọ̀ kò fẹ́ san án, wọ́n yọ ṣúgà. Fanta tí wọ́n ń tà níbẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ 5. Coca-Cola tó ti wà tipẹ́ dúró sórí 10.6, ó sì ń san owó. Nínú àwọn ohun mímu tí òfin náà kàn, ṣúgà dínkù ní nǹkan bí ìdá 46 láàárín 2015 sí 2020. Àwọn àgbàlagbà wá ń jẹ ṣúgà tí wọ́n ń fi sí nǹkan ní nǹkan bíi gíráàmù 11 dín sí ti àtẹ̀yìnwá lójúmọ́. Ti ìwọ̀n ara, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin ọdún 10 sí 11 ni wọ́n ti rí i kedere. A ò lè sọ pé ó ti fa ìsanrajù àgbàlagbà wálẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ọ̀sẹ̀ 12 tó máa pé, kò sì sí ẹni tó ń sá kúrò níbẹ̀.

Nàìjíríà ní tirẹ̀. Òfin ìṣúná ọdún 2021, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, fi náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu dídùn. Àtẹ̀gùn kò sí níbẹ̀. Èyí tó ní ṣúgà gíráàmù 6 àti èyí tó ní 11 ń san iye kan náà, nítorí náà, kò sí ìdí tí ilé-iṣẹ́ kan yóò fi yọ ṣúgà kúrò. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì dámọ̀ràn pé kí irú owó orí bẹ́ẹ̀ mú kí iye ohun mímu náà lọ sókè ní ìdá 20 ó kéré tán. Ìgò 50 centilita jẹ́ ìdajì lítà, náírà márùn-ún ni owó orí rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ta ìgò náà ní náírà 400, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ó lé díẹ̀ ni. Láti dé ibi tí WHO sọ, náírà 80 ni.